Òṣó tí mo ló sẹ́nu ọ̀nà àbúrò mi

Òṣómàáló ni bàbá tó bí màámi. Ọmọ Iléṣà kò ní bi mí pé kí ni ìyẹn, ṣùgbọ́n fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, àwọn aláṣọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àtijọ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Wọ́n á di aṣọ rù, wọ́n á fẹsẹ̀ rìn wọ Èkìtì, wọ Àkókó, wọ Ìgbómìnà, wọ́n á tà á láwìn fún àwọn àgbẹ̀, wọ́n á sì padà lọ gbowó nígbà tí irè oko bá dọ́jà. Bí onígbèsè bá wá ń fòní dónìí, tó ń fọ̀la dọ́la, aláṣọ á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀: "Òṣó ni màá ló títí n ó fi gbowó mi." Kò ní jókòó, kò ní jẹun, kò ní lọ. Ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í ti onílé, àwọn ará àdúgbò á máa yọjú, owó á jáde. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá.

Orúkọ ìyìn ni nílé wa. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí ẹnìkan bá gba gúgúrú mi, màá lọ lóṣòó síwájú rẹ̀, gbogbo ilé á sì bú sẹ́rìn-ín pé ẹ̀jẹ̀ bàbá àgbà ń bẹ lára mi. Inú mi a máa dùn. N kò mọ̀ pé èèyàn lè lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó fẹ́ràn gan-an láyé, kó sì wà níbẹ̀ fún ọdún 18.

Bàbá mi kú ní 2003. Mo jẹ́ ẹni ọdún 24 nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ọjà Àtakúnmọ́sà, mò ń ta àǹkárá àti léèsì. Àbúrò mi ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 11. Ara màámi kò le. Lọ́jọ́ tí a sin bàbá wa, àwọn ẹbí jókòó, kálukú ń wo ilẹ̀, èmi ni mo sọ̀rọ̀: "Ọ̀dọ̀ mi ni yóò wà." Ìfẹ́ ni mo fi sọ ọ́. Mo fẹ́ kó yé ẹni tó ń kà á pé kò sí ẹ̀tàn kankan níbẹ̀. Bí ọmọ náà bá wúkọ́ lóru, àyà tèmi ló ń já.

Ṣùgbọ́n mo ní ìwé gbèsè kan, ìwé ńlá ẹlẹ́yìn pupa. Iwájú rẹ̀ ni mo ń kọ orúkọ àwọn oníbàárà tó rajà láwìn sí. Lọ́jọ́ kan ní 2004, mo sanwó iléèwé àbúrò mi, mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo ṣí ìwé náà láti ẹ̀yìn, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kí n lè mọ ibi tí owó ọjà ń gbà lọ ni mo ní lọ́kàn. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo kọ bàtà. Mo kọ oògùn ibà. Mo kọ owó ìdánwò WAEC, mo kọ owó ọkọ̀ Ifẹ̀, mo kọ mátírẹ́ẹ̀sì tó gbé lọ sí yàrá rẹ̀ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. N kò fi ìwé náà han ẹnikẹ́ni. Kò sídìí láti fi hàn án, ẹnu mi ti ń kà á: "Ta ló rán ọ níléèwé? Ta ló sún ìgbéyàwó síwájú nítorí rẹ?"

Òfin ni mo fẹ́ kó kà. Ó ní Ìtàn lòun fẹ́. A fà á tó oṣù mẹ́ta. Mo gbà nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n bí ọlọ́jà ṣe ń gbà ni mo gbà: bó bá ti kàwé tán, báńkì ni, n kò fẹ́ gbọ́ pé ẹnìkan fẹ́ di tíṣà. Ó ní, "Ó dáa, Àǹtí mi." Gbólóhùn yẹn ló ń sọ fún mi láti kékeré. Mo máa ń fi yangàn lọ́jà pé ọmọ tó gbọ́ràn ni.

Bó bá ti Ifẹ̀ wálé lópin ọ̀sẹ̀, ó máa ń sọ ohun tó kà fún wa nídìí oúnjẹ. Òun ló jẹ́ kí ogun Kírìjì yé mi ju bí wọ́n ṣe kọ́ wa níléèwé lọ: pé nítorí àwọn ajẹ́lẹ̀ tí Ìbàdàn fi sáwọn ìlú láti máa ṣàkóso wọn ni Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà fi para pọ̀, tí wọ́n fi Ògèdèǹgbé wa ṣe olórí ogun, pé 1877 ni ìjà náà bẹ̀rẹ̀, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní 1886, síbẹ̀ àwọn ọmọ ogun kò tú ká títí di 1893. Mo máa ń gbádùn rẹ̀. Màá ní àwa Ìjẹ̀ṣà kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹ gàba lé wa lórí. Àbúrò mi á máa wo abọ́ rẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ kan ṣoṣo tó kù nílé ìyá wa, èmi ni, èmi ni mo sì ń pàtẹ́wọ́ fún Ògèdèǹgbé.

Lálẹ́ ọjọ́ kan ó sọ̀rọ̀ ìwọ̀fà. Ó ní ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó ló fi ń san gbèsè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èlé ni iṣẹ́ náà. Ojú owó wà níbi tó wà. Bí ìwọ̀fà bá ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún, iye tí wọ́n yá gan-an ni wọn yóò kó sílẹ̀ kó tó lè lọ. "Ẹ rí i, Àǹtí mi, kò sí bó ṣe lè ṣiṣẹ́ tó tí yóò dín in kù." Mo ní háà, ayé àtijọ́ mà le o. Mo bu ẹran kún oúnjẹ rẹ̀.

Ó sin ilẹ̀ baba rẹ̀ tán, ó wọ báńkì kan n'Ìbàdàn ní 2016. Mo ra mínírà fún gbogbo ìlà ṣọ́ọ̀bù wa. Lóṣooṣù ó ń fowó ránṣẹ́. Gbogbo alẹ́ Sọ́ńdè, agogo méje, á pè.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ síbí yìí, torí pé ohun tí mo rò pé àbúrò mi nìkan ni mo ṣe é fún, mo ṣe é fún ara mi pẹ̀lú. Bí agogo méje bá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí kò tíì pè, oúnjẹ kò ní lọ lọ́fun mi mọ́. Màá máa wo fóònù. Màá máa ka ohun tí mo ti ṣe fún un lọ́kàn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti orí bàtà dórí mátírẹ́ẹ̀sì. Bó bá wá pè, màá máa yẹ ohùn rẹ̀ wò bí ẹni ń yẹ owó ayédèrú wò: ṣé ó kí mi kúnná? Ṣé kò yá a jù? Bó bá fowó ránṣẹ́, màá dúpẹ́, màá sì máa bínú pé owó nìkan ló rán. Àwọn ọmọ mi á pè mí, n kò ní gbọ́. Ìgbà kan wà tí omi òjò ń wọ ṣọ́ọ̀bù mi, tó ba odidi ìdì léèsì kan jẹ́, torí pé mo kọ̀ láti pe ẹni tó máa kan páànù rẹ̀. Mo fẹ́ kí àbúrò mi ti Ìbàdàn wá bá mi mójú tó o, kí n lè rí i pé kò gbàgbé mi. Ẹni tó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹlòmíràn, ṣé òun lè lọ síbì kan ni? Onígbèsè há sínú ilé, olówó há síta. Ilẹ̀kùn kan náà ló sé àwọn méjèèjì mọ́.

Ní oṣù Kejìlá 2021, ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ọdún Kérésì dé, ọjà ń yá, àlẹ́ẹ̀tì wọlé sórí fóònù mi. Náírà 1,186,400. Mo rò pé oníbàárà kan ló ṣì í fi ránṣẹ́. Kí n tó ka orúkọ tán, àbúrò mi ti wọlé. Ó ti rù. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ wò ó bóyá ó pé."

Mo ní kí ló pé?

Ó ní nígbà tí ara mi kò yá ní 2017, tí mo ní kó bá mi mú kọ́kọ́rọ́ nínú àpótí, òun rí ìwé náà. Òun kà á láti ẹ̀yìn wá sí àárín. Òun ya fọ́tò ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ náà lòun ti ń tọ́jú owó. "N kò bínú sí yín, Àǹtí mi. Ẹ ṣe mí lóore. Mo kàn fẹ́ mọ̀ pé mo ti san án tán."

Kò pariwo, kò sunkún. Ó mu omi tí mo gbé fún un, ó dìde, ó lọ. Mo ń wo owó náà lórí fóònù. Ọdún 18 ni mo fi lóṣòó. Wọ́n ti san owó mi, n kò sì mọ ibi tí mo fẹ́ gbà lọ.

Alẹ́ Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, kò pè. Kí ló fẹ́ pè fún? Gbèsè ti tán.

Mo lọ bá màámi. Mo rò pé wọ́n á gbè mí. Wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n ní, "Ṣé mo ti sọ òṣó tí bàbá mi ló gbẹ̀yìn fún ọ rí?" Mo ní gbogbo wa la mọ̀ pé bàbá àgbà kì í fi owó wọn sílẹ̀. Wọ́n ní ti ìgbẹ̀yìn yìí, àwọn kò sọ ọ́ fún wa, torí pé bàbá àwọn kì í fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ níta.

Àgbẹ̀ kan ló jẹ bàbá àgbà lówó nílùú kan n'Ékìtì. Bàbá àgbà lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ọkùnrin náà láti àárọ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, ìyàwó ilé gbé iyán gbígbóná àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí jáde, ó kúnlẹ̀, ó ní ebi á ti máa pa àlejò àwọn. Bàbá àgbà ní àwọn kò jẹ. Obìnrin náà kò gbé e kúrò. Ó gbé àpótí ìjókòó kan tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì padà wọlé. Ọjọ́ méjì ni bàbá àgbà ti fi rìn kí wọ́n tó débẹ̀. Bí wọ́n ṣe lóṣòó náà ni wọ́n nawọ́ sí iyán. Orúnkún wọn ń gbọ̀n, abọ́ fẹ́ dojú dé. Màámi wò mí lójú. "Ọmọ mi, ta ló lè lóṣòó jẹ iyán?"

Bàbá àgbà fa àpótí náà sábẹ́, wọ́n jókòó. Bí wọ́n ti jókòó, àlejò ni wọ́n. Onílé jáde, òun náà jókòó tì wọ́n, àwọn méjèèjì jọ ń bù ú jẹ, ibẹ̀ ló ti ṣàlàyé pé iná ti jó oko kòkó òun. Bàbá àgbà sùn síbẹ̀ mọ́jú.

Mo bi màámi bóyá wọ́n san owó náà. Wọ́n ní wọ́n san díẹ̀ lọ́dún kejì, wọn kò sì san ìyókù mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá àgbà kú, ọmọ àgbẹ̀ yẹn gbọ́, ó wá láti Èkìtì, ó wà lára àwọn tó gbé pósí. "Ta ló ránṣẹ́ pè é?" N kò rí èsì fọ̀.

Gbogbo wa la mọ òwe náà: ẹrú kú, ìyá kò gbọ́, ọmọ kú, ariwo ta. Mo ti gbọ́ ọ títí, ibi tó dunni nínú rẹ̀ nìkan ni mo ń gbọ́. Lóru ọjọ́ tí mo ti ọ̀dọ̀ màámi dé, mo gbọ́ nǹkan mìíràn. Ẹni tí kò sẹ́ni tó ń bi í pé níbo lo wà, tí kò sẹ́ni tó máa ké bó bá sọnù, àwọn baba wa kò pe onítọ̀hún ní òmìnira. Ẹrú ni wọ́n pè é. Ọmọ ni wọ́n fi dojú kọ ẹrú. Ọmọ sì rèé, ó ní ìyá, ó ní bàbá, ó ní ẹ̀gbọ́n, okùn ẹbí yí i ká lọ́tùn-ún lósì. Kí ló wá yà á sọ́tọ̀ lára ìwọ̀fà tí okùn yí ká bákan náà? Mo rò ó títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọmọ kì í san owó oúnjẹ tó ti jẹ kó tó jáde nílé, bó bá sì jáde, wọn kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lẹ́yìn. N kò rí ìyàtọ̀ mìíràn. Àbúrò mi ti ra ara rẹ̀ padà lọ́wọ́ mi bí ìwọ̀fà ṣe ń ṣe. Òmìnira ni, n kò lè sọ pé kì í ṣe òmìnira. Ṣùgbọ́n èyí tí èèyàn fi ń jáde láìrílé padà sí ni.

Irú òmìnira kejì wà, ọkọ mi ló jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú mi kò tètè là sí i. Káfíńtà ni, ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ lọ rajà l'Ékòó, kì í bi mí pé ta ló fún ọ láyè. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, mo rò pé kò kà mí sí ni. Ní 2012, ọkọ̀ wa bàjẹ́ sọ́nà, iná fóònù mi tán, agogo méjì òru ni mo tó wọ Iléṣà pẹ̀lú ẹrù. Mo bá a ní gáréèjì, ó jókòó sórí táyà, ó fi aṣọ ìbora bora, tọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti agogo méje alẹ́ ló ti wà níbẹ̀. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó ní, "O kú ewu ọ̀nà," ó sì gbé èyí tó wúwo jù nínú ẹrù náà rù. Mo máa ń rò pé ìgboyà ara mi ni mo fi ń rìn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo lè lọ jìnnà torí pé ẹnìkan ń mú tọ́ọ̀ṣì dúró dè mí, kì í sì í ṣe láti ká mi mọ́. Àbúrò mi kò rí tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi rí. Ìwé ló ń rí.

Mo dá owó náà padà. Ó dá a padà sí mi. Mo tún fi ránṣẹ́, ó tún dá a padà. Ọkọ mi ní kí n jáwọ́, pé owó kò lè jíṣẹ́ tó jẹ́ ti ẹnu. Ìyẹn ló gbé mi lọ sí Ìbàdàn ní oṣù Kejì 2022. Kí n tó lọ, mo ya apá ẹ̀yìn ìwé náà kúrò, mo kó o fún ìyá tó ń ta ẹ̀pà sísun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, ó fi wé ẹ̀pà fún àwọn ọmọ iléèwé. Apá iwájú ṣì wà o. Mo ṣì ń tajà láwìn, mo sì ń gba owó mi pé; ọjà ni ìyẹn, ojú kì í tì mí láti gbà á.

Mo kúnlẹ̀ fún àbúrò mi. Ó yára fà mí dìde, ó ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, pé ẹ̀gbọ́n kì í kúnlẹ̀ fún àbúrò. Mo ní kó jẹ́ kí n sọ ọ́. Mo ní, "Bí o kò bá pè mí mọ́ títí n ó fi kú, n kò ní pè ọ́ ní aláìmoore. Bí o bá sì fẹ́ fi báńkì sílẹ̀, fi sílẹ̀." Èkejì yẹn le lẹ́nu mi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Báwo ló ṣe máa jẹun? Kí ni wọ́n máa sọ lọ́jà? Mo mọ̀ pé bí mo bá da ẹ̀rù yẹn lé e, àṣẹ tuntun ni mo tún pa fún un. Mo gbé e mì.

Ó dákẹ́ pẹ́. Ó wá ní, "Àǹtí mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀." Mo ní, "Ó dáa, àbúrò mi." Èmi ni mo sọ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí.

Oṣù mẹ́rin kò pè. N kò ní purọ́, ó dùn mí. Bó bá di alẹ́ Sọ́ńdè, màá fi fóònù sílẹ̀ nínú yàrá, màá lọ jókòó síta pẹ̀lú àwọn ọmọ mi. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọmọbìnrin mi àgbà mọ àlọ́ pa débi tí omi á máa bọ́ lójú bàbá rẹ̀ nítorí ẹ̀rín. Ọmọ ọdún 13 ni. Mo bí i, mo ń gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú rẹ̀, n kò mọ̀. Àwọn ọjọ́ kan wà tí màá bá ara mi níbi tí mo ti tún ń ka bàtà àti mátírẹ́ẹ̀sì lọ́kàn. Màá dìde, màá lọ fọ abọ́. Ó ṣì máa ń ṣẹlẹ̀ títí dòní.

Ọjọ́rú kan ní oṣù Kẹfà ló pè, agogo mọ́kànlá àárọ̀, àkókò tí kò pè mí rí. Ó ní òun ti fi báńkì sílẹ̀, òun ti lo oṣù kan lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà níléèwé kan n'Ímẹ̀sí-Ilé. Owó oṣù rẹ̀ kò tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀. Mo ní, "Ìmẹ̀sí-Ilé? Níbi Kírìjì?" Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti kó àwọn ọmọ kíláàsì òun lọ wo ibi tí Èkìtì Parapọ̀ pàgọ́ sí, pé ọ̀kan nínú wọn bi òun bóyá wọ́n máa ń lọ kí ìyàwó wọn nílé láàrin ogun. Ó sọ̀rọ̀ tó wákàtí kan. N kò tíì gbọ́ ohùn yẹn láti ìgbà tó ti ń ti Ifẹ̀ wálé.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ó ní kí n wá kí òun. Mo débẹ̀ kó tó dé láti iléèwé. Ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì. Obìnrin kan nílé kejì gbé àpótí jáde fún mi, ó ní, "Ẹ jókòó, Màmá, kò ní pẹ́ dé." Mo jókòó. Atẹ́gùn orí òkè ń fẹ́, àwọn ọmọ ń ti iléèwé bọ̀, mo sì kíyè sí i pé n kò wo aago. Nígbà tó dé lórí ọ̀kadà, ṣọ́ọ̀kì wà lápá ẹ̀wù rẹ̀, ó ti sanra díẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ó fi ọ̀kadà gbé mi lọ síbi tí mo ti máa wọkọ̀. Mo ti jókòó nínú ọkọ̀ nígbà tó na ọwọ́ wọ ojú fèrèsé, bó ṣe máa ń na án sí mi ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tó wà lọ́mọdé.

"Àǹtí mi, ẹ fún mi ní ẹgbẹ̀rún méjì, epo ọ̀kadà mi ti fẹ́ tán."

Mo tú etí ìró mi, mo fún un ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Ó ní ẹ ṣé. Ó fi sápò láìkà á, ó tan ọ̀kadà rẹ̀, ó lọ.